Kí Omi Lásán Kọ́kọ́ Kọ́ Wọn: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Àgbẹ̀ àti Agbaṣẹ́ ní Oògùn Fífín

Ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí oògùn oko ló máa ń parí sórí àga. Olùkọ́ á sọ̀rọ̀, á fi àwòrán hàn, àwọn èèyàn á mi orí pé àwọ́n ti gbọ́, wọ́n á sì padà sóko lọ máa ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́. Ọwọ́ ni kò kọ́ ohun tí etí gbọ́. Ẹni tó ti ń fín oògùn fún ọdún 10 ti ní bó ṣe ń rọ ọ́, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń nu ojú, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò sì lè yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí gba ọ̀nà mìíràn: ohun gbogbo tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi oògùn ṣe, kó kọ́kọ́ fi omi lásán ṣe é níṣojú yín, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí omi náà bà lára òun.

Kí ẹ tó pè wọ́n jọ

Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe ìwàásù, nítorí náà ẹ má gba ju èèyàn 15 lọ fún olùkọ́ kan. Ẹ̀rọ àpọ̀nsẹ́yìn 1 fún èèyàn 3 ló dára: ẹnì kan ń fín, ẹnì kan ń wo aago, ẹnì kan ń kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n á sì máa gbà á fún ara wọn. Ẹ ní kí oníkálukú gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ gan-an wá. Ẹ̀rọ tuntun tí olùkọ́ bá gbé wá kì í jò, kì í dí, kò sì sí ẹ̀kọ́ kankan nínú rẹ̀. Inú èyí tí wọ́n ti fi wáyà so, tí wọ́n fi ọ̀rá wé ìdérí rẹ̀, ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n ti ṣan án mọ́ lóko kí wọ́n tó gbé e wá.

Ẹ wá ilẹ̀ gbalasa tó tẹ́jú. Ẹ fi téèpù wọn mítà 50 lórí ìlà tó gún, ẹ ri èèkàn mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀. Ẹ tún wọn àyè kan tó jẹ́ mítà 10 ní ìbú, mítà 10 ní òró. Ohun èlò yòókù ni ife ìdíwọ̀n tí ìlà mílílítà hàn kedere lára rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi tó pọ̀, aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá (ti fóònù tó), ọṣẹ, aró pupa tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ, àti aṣọ funfun tó bo gbogbo ara. Oògùn gidi kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, aláboyún, àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń yẹra fún oògùn, ó tilẹ̀ yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ má kàn gbé ẹ̀rọ kọ́ wọn lẹ́yìn.

Aró pupa

Nínú gbogbo ìdánrawò, èyí ló níye lórí jù. Bí àkókò yín bá kéré, ẹ gé ohun mìíràn, ẹ má gé e.

Ẹ po aró mọ́ omi títí yóò fi pupa gidi, ẹ rọ díẹ̀ sínú ìgò òfìfo tó mọ́, tí kò gbé oògùn rí, kó dúró fún oògùn, kí ẹ sì da ìyókù sínú táǹkì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣọ funfun àti ìbọ̀wọ́ funfun. Ẹ ní kó ṣe gbogbo iṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é lóko: kó rọ "oògùn" láti inú ìgò sínú ife, kó dà á sí táǹkì, kó dé e, kó gbé e pọ̀n, kó fín àyè mítà 10 sí 10 yẹn tán. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti fi hóró iyanrìn kan dí nọ́súlù, ìyẹn ẹnu kékeré tí oògùn ń gbà tú jáde, láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹ má tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ kàn máa wò ó.

Tó bá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ tán, ẹ ní kó dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó na apá méjèèjì. Pupa á wà lórí ìka àti ọrùn ọwọ́, níbi tó ti ń rọ oògùn. Á wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, omi tú láti abẹ́ ìdérí. Ojúgun àti itan á ti rin, torí iwájú ara rẹ̀ ló ń fín sí, tó sì ń rìn wọ inú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín. Á wà níwájú orí, níbi tó ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Ẹ sì wo ètè rẹ̀: nọ́súlù dí, ó yọ ọ́, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣe é kí wọ́n tó rántí pé ẹnì kan ń wò wọ́n.

Ẹ bi í léèrè ohun tó fa àmì kọ̀ọ̀kan, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ fi aṣọ yẹn kọ́ sórí okùn. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, kó tún un ṣe pẹ̀lú aṣọ funfun mìíràn, kí ẹ fi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ibi tí owó wà, àwọn olùkọ́ máa ń fi ìyẹ̀fun tó ń tàn lábẹ́ iná ultraviolet rọ́pò aró: wọ́n á pa iná yàrá, wọ́n á tan iná yẹn sí akẹ́kọ̀ọ́ lára, títí kan ìkán omi tí ojú lásán kò lè rí á sì máa tàn yanran, lórí fóònù rẹ̀ pàápàá.

Ibi tí ẹ ti máa so èyí mọ́ ọ̀rọ̀ awọ ara nìyí. Èèyàn púpọ̀ gbà pé imú àti ẹnu nìkan ni oògùn ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ awọ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù wọlé lára afínko. Gbogbo awọ kò sì rí bákan náà. Nígbà tí wọ́n fi parathion, oògùn apakòkòrò kan, wọn bí awọ ṣe ń gbà á wọlé, bí a bá pe ti apá, láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́, ní 1, ti àtẹ́lẹwọ́ jẹ́ nǹkan bíi 1.3, ikùn bíi 2.1, awọ orí bíi 3.7, iwájú orí bíi 4.2, awọ ẹpọ̀n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Iye náà lè yàtọ̀ fún oògùn mìíràn, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kan náà ni. Ọkùnrin tó fi ìbọ̀wọ́ rírin tú sòkòtò láti tọ̀ ti gbé oògùn lọ síbi tó rọrùn jù fún un láti wọlé. Kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó tọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nìkan.

Lébẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Ẹ pín ẹ̀dà lébẹ́ẹ̀lì oògùn gidi fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n wá ìdáhùn jáde, kì í ṣe kí wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irúgbìn wo ni wọ́n gbà kí a fín in sí? Mélòó fún hẹ́kítà kan? Aṣọ wo ni wọ́n ní ká wọ̀? Wákàtí mélòó kí ẹnikẹ́ni tó tún wọ oko náà? Ọjọ́ mélòó láàárín ìfín ìkẹyìn àti ìkórè? Àwọn ìbéèrè méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Ti wákàtí ń dáàbò bo ẹni tó fẹ́ wọ oko; ti ọjọ́ ń dáàbò bo ẹni tó máa jẹ ohun tí a kórè. Oko tí èèyàn lè wọ̀ lọ́la lè má tíì ṣeé kórè títí ọ̀sẹ̀ méjì.

Fún ẹni tí kò mọ̀wé kà, ẹ kọ́ ọ ní àwọ̀ àti àwòrán. Níbi tí wọ́n ń lo ìlà aláwọ̀ nísàlẹ̀ lébẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí ìlànà FAO (Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Lágbàáyé), pupa ni ti oògùn tó le jù (ìpele Ia àti Ib ti WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé), ìyeyè ni ìpele II, búlúù ni III, àwọ̀ ewé sì ni ti èyí tí kò jọ pé ó lè fa ewu ojú ẹsẹ̀ bí a bá lò ó bó ṣe yẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí pé àwọ̀ ewé kì í ṣe àṣẹ láti bọ́ ìbọ̀wọ́. Lórí lébẹ́ẹ̀lì elédè Gẹ̀ẹ́sì, DANGER le ju WARNING lọ, WARNING sì le ju CAUTION lọ. Oògùn tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ya tàbí tí wọ́n ti rọ sínú ìgò mìíràn, kí wọ́n má lò ó. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Aṣọ iṣẹ́

Ìbọ̀wọ́ ní láti jẹ́ ti nitrile tàbí irú rọ́bà mìíràn tí lébẹ́ẹ̀lì dárúkọ, tó gùn kọjá ọrùn ọwọ́, tí kò ní aṣọ nínú. Ìbọ̀wọ́ aláwọ ẹran tàbí ti òwú burú ju ọwọ́ òfìfo lọ: ó ń mu oògùn, ó sì ń dì í mọ́ awọ ara látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n rọ omi sínú ìbọ̀wọ́, kí wọ́n fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá jò, kí wọ́n jù ú nù.

Ohun kékeré kan wà tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pàápàá ń ṣì ṣe. Bí ohun tí wọ́n ń fín bá wà nísàlẹ̀, apá aṣọ ló yẹ kó bo ẹnu ìbọ̀wọ́ níta, kí omi má ṣàn wọ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ igi tó ga lókè orí ni, ìbọ̀wọ́ ló yẹ kó wà níta apá aṣọ, kí wọ́n sì ká etí rẹ̀ sókè bí ife, torí ìgbà tí ọwọ́ bá gbé sókè, omi á máa ṣàn bọ̀ sí ìgbọ̀nwọ́. Ti sòkòtò kò ní àríyànjiyàn: ìta bùútù rọ́bà ló máa ń wà, láé.

Ìbòmú ti eruku kì í dá èéfín oògùn dúró. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá béèrè èyí tó ní àgolo asẹ́, kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu asẹ́ náà, kí wọ́n fa èémí sínú. Ó yẹ kó fà mọ́ ojú. Kò lè fà mọ́ ojú onírùngbọ̀n. Yálà kó fá a, tàbí kí ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀rọ, àti bí a ṣe ń wọn ohun tó ń tú jáde

Ẹ rọ omi kún ẹ̀rọ, kí wọ́n pọ́ǹpù rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n dì í mú láìfín. Kí wọ́n fi ìka gbígbẹ tẹ̀lé ọ̀nà omi láti ìdí táǹkì, sí họ́ọ̀sì, sí ìtẹ̀ (ibi tí ọwọ́ ń tẹ̀ kí omi tó tú), sí ọ̀pá, dé nọ́súlù. Ibi tí ìka bá ti rin ni wọ́ṣà ti bàjẹ́. Kí wọ́n tẹ ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá ìdérí á jò. Kí wọ́n yọ asẹ́ tó wà lẹ́nu táǹkì àti èyí tó wà nínú ìtẹ̀, kí wọ́n fọ̀ wọ́n. Nọ́súlù tó dí, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni a fi ń fọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ á mú ihò rẹ̀ fẹ̀; ẹnu, a ti rí ohun tó ń ṣe níbi aró.

Nísinsìnyí, ìdíwọ̀n. Ibí ni àwọn olùkọ́ ti máa ń sáré kọjá torí ìṣirò, ibí náà sì ni oògùn ti ń ṣòfò tàbí tó ti ń jó irúgbìn. Ẹ fara balẹ̀.

Àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ fín sínú ife ìdíwọ̀n fún ìṣẹ́jú 1 gbáko, kó máa pọ́ǹpù bó ṣe máa ń pọ́ǹpù. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó wá ìpíndọ́gba wọn. Ká ní ó jẹ́ lítà 1.2. Èkejì, pẹ̀lú omi tó kún ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀, kó rin mítà 50 yẹn bó ṣe máa rìn nínú oko. Ká ní ó gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 50: mítà 60 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ẹ̀kẹta, kó fín sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kó wọn ìbú ibi tó rin. Ká ní mítà 1 ni.

Ìṣirò rẹ̀ rèé: ẹ fi 10,000 sọ 1.2 di púpọ̀, kí ẹ wá fi ìbú (1) lọ́nà ìrìn (60) pín in. Ó jẹ́ lítà 200 fún hẹ́kítà kan. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ní lítà 2 oògùn fún hẹ́kítà, mílílítà 10 nínú lítà omi kan nìyẹn, ìyẹn mílílítà 150 fún táǹkì lítà 15. Táǹkì yẹn á sì fín ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 750 níbùú lóòró (750 m²), kò gbọ́dọ̀ jù, kò sì gbọ́dọ̀ dín. Ẹni tí ìṣirò kò bá yé á fi àyè mítà 10 sí 10 yẹn yẹ ara rẹ̀ wò: kó rọ omi tó wọ̀n, kó fín àyè náà, kó wọn èyí tó kù. Bí lítà 2 bá lọ, kó fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Lítà 200 náà ló máa rí.

Kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ wọn hàn wọ́n. Ẹni yìí kan náà, pẹ̀lú oògùn tó pò bákan náà, bó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ ní mítà 40 ní ìṣẹ́jú kan torí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, lítà 300 ló ń fín sí hẹ́kítà; oògùn ti di lítà 3 dípò 2. Bó bá ń yára ní mítà 80 torí pé òjò ń ṣú, ó ti di lítà 1.5. Kò yí nǹkan kan padà nínú táǹkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yí i. Àpọ̀jù ń jó irúgbìn, ó sì ń ṣẹ́kù sára ohun jíjẹ. Àdínkù ń pa àwọn kòkòrò tí kò lágbára, ó ń dá àwọn tó le sí láti bímọ. Nítorí náà, ìdérí ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ìdérí oògùn kan lè tó ìlọ́po méjì ti òmíràn.

Nọ́súlù tuntun tó ń tú lítà 1.2, bó bá ti di 1.32, ìyẹn ìdá 10 nínú 100 lé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n má sì rò pé pípọ́ǹpù àpọ̀jù á mú iṣẹ́ yá: láti sọ ohun tó ń tú di ìlọ́po 2, agbára pọ́ńpù ní láti di ìlọ́po 4, gbogbo ohun tí ìyẹn á sì mú wá ni ìkán wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ á gbé lọ.

Fún àwọn agbaṣẹ́ tó ń lo katakátá, ìlànà kan náà ni. Wọ́n á wa mítà 100, wọ́n á fi iye ìṣẹ́jú-àáyá pín 360, ìyẹn á fún wọn ní kìlómítà ní wákàtí. Ìṣẹ́jú-àáyá 45 jẹ́ kìlómítà 8 ní wákàtí. Nọ́súlù tó ń tú lítà 0.8 ní ìṣẹ́jú kan, tó jìnnà sí èkejì ní mítà 0.5: 0.8 lọ́nà 600, kí a fi 8 lọ́nà 0.5 pín in, lítà 120 fún hẹ́kítà. Kí wọ́n gbé ife sábẹ́ nọ́súlù kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pá náà. Ẹyọ kan tó bá ń tú jù á kọ ìlà sójú oko títí ìkórè.

Pípò

Nínú àpẹẹrẹ wa, mílílítà 10 wọ lítà 1, nítorí náà ìkán 1 láti inú ìgò tó bí ìkán 100 láti inú táǹkì. Ẹni tó wọ aṣọ nígbà tó ń fín, tó sì fi ọwọ́ lásán pò ó, ibi tó le ló ti bọ́ra. Épírọ́ọ̀nù, ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo gbogbo ojú, ìdí ìpò ni wọ́n wúlò jù.

Kí wọ́n pò ó níta, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ wọn, kó jìnnà sí kànga àti odò, ó kéré tán mítà 30, àfi bí lébẹ́ẹ̀lì bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ife wà nísàlẹ̀ àyà, kì í ṣe ní ìró ojú. Omi dé ìdajì táǹkì, oògùn, kí wọ́n rò ó pọ̀, kí wọ́n tó fi omi kún un. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ pò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti iṣẹ́ yìí nìkan. Kí ẹnu họ́ọ̀sì tó ń gbé omi wá má kan omi inú táǹkì rárá; bí omi bá dáwọ́ dúró, ó lè fa oògùn padà sínú kànga. Omi tó mọ́ ni kí wọ́n lò: ẹrẹ̀ inú omi máa ń di àwọn oògùn apakoríko bíi glyphosate àti paraquat mú, àgbẹ̀ á wá sọ pé ayédèrú ni oògùn náà.

Bí lébẹ́ẹ̀lì bá gbà kí a po oògùn méjì pọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò nínú ìgò funfun kan, ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Bó bá gbóná, bó bá dì bíi wàrà tó ti bàjẹ́, kí wọ́n má pò ó ní táǹkì. Ètò wíwọlé wọn: ìyẹ̀fun ṣáájú, lẹ́yìn náà olómi tó ki, lẹ́yìn náà èyí tó ní epo, ohun tó ń mú oògùn lẹ̀ mọ́ ewé ló kẹ́yìn.

Oko tó jẹ́ mítà 2,000 níbùú lóòró gba lítà 40 nínú ìṣirò wa: táǹkì kíkún 2, àti lítà 10 tí mílílítà 100 wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣírò báyìí kì í ní àṣẹ́kù tó máa wá ibi dà sí.

Nínú oko

Afẹ́fẹ́ tó ń mi ewé, tí èèyàn sì ń mọ̀ lójú, dára. Bó bá ti ń mi ẹ̀ka kéékèèké láìdáwọ́ dúró, kí iṣẹ́ dúró. Ohun tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé àìsí afẹ́fẹ́ rárá náà kò dára. Ní ìdájí tàbí nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, afẹ́fẹ́ tútù lè jókòó sílẹ̀ lábẹ́ èyí tó móoru. Ìkán wẹ́wẹ́ á rọ̀ sójú ọ̀run bí ìkùukùu, á sì rọra rìn lọ sí oko ẹlòmíràn. Ẹ dá iná èéfín kékeré kan: bí èéfín bá gòkè díẹ̀ tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n dúró di ìgbà tí oòrùn bá yọ dáadáa. Ọ̀sán gangan tí ooru kọjá 30°C náà kò yẹ, ìkán á gbẹ kó tó dé ewé. Bí irúgbìn bá sì ń tanná, kí wọ́n dúró títí oyin á fi padà sílé lálẹ́.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí wọ́n máa bọ̀ sí apá ibi tó ti ń fẹ́ wá, kí wọ́n máa rìn gba àárín ìlà ní ìbú sí afẹ́fẹ́. Báyìí, ibi tí wọn kò tíì fín ni wọ́n á máa tẹ̀. Ọ̀pá ìfín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kì í ṣe níwájú, nọ́súlù sì wà ní ìró kan náà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sókè ohun tí wọ́n ń fín. Kí wọ́n má máa jù ú sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń gbálẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ìgò tó ṣófo kò tíì ṣófo. Lójú ẹsẹ̀ tó bá ti tán, kí oògùn tó gbẹ mọ́ ọn nínú, kí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí táǹkì fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí wọ́n rọ omi dé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, kí wọ́n dé e, kí wọ́n mì í fún 30, kí wọ́n dà á sínú táǹkì, kí wọ́n tún un ṣe títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà kí wọ́n lu ú ní ihò. Ìgò tí kò nihò ni ẹnì kan máa fi pọnmi lọ́la. Kí wọ́n má sun ún. Omi tí wọ́n fi ṣan táǹkì, orí oko tí wọ́n ń fín náà ni kí wọ́n fín in sí.

Ètò bíbọ́ aṣọ: kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ìbọ̀wọ́ nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́, kí wọ́n wá bọ́ épírọ́ọ̀nù, bùútù, awò, aṣọ àti ìbòmú, ìbọ̀wọ́ ló kẹ́yìn. Kí wọ́n wẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ wọ ìbọ̀wọ́. Èyí tí ojúlówó oògùn inú ìgò dà sí lára, kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n jù ú nù.

Bó bá ba ẹnì kan

Ẹ fi ìdánrawò kọ́ wọn, kí ẹnì kan dibọ́n. Bọ́ aṣọ rẹ̀, fi omi àti ọṣẹ fọ awọ ara. Ojú: omi tó mọ́ tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko lórí aago, torí ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹni tó ń bẹ̀rù ṣe rò lọ. Kí wọ́n má mú un bì, kí wọ́n má fún un ní wàrà tàbí epo. Kí wọ́n mú lébẹ́ẹ̀lì dání lọ sílé ìwòsàn; òun ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè. Kí ẹni tó ń gbà á là náà wọ ìbọ̀wọ́.

Ooru àti oògùn máa ń jọra wọn, èyí sì ti mú kí wọ́n gbé ẹni tó mu májèlé sábẹ́ igi pé kó sinmi. Àwọn méjèèjì ń mú òógùn bo èèyàn, wọ́n ń fa orí fífọ́ àti àárẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru ń gbẹ ẹnu, kì í mú omi ojú wá, ọmọlójú á fẹ̀, ọkàn á máa sáré. Ti organophosphate àti carbamate, irú oògùn apakòkòrò méjì kan, itọ́ á máa dà, omi ojú á máa bọ́, ọmọlójú á kéré bí orí abẹ́rẹ́, iṣan á máa ta, ọkàn sì lè máa lù jẹ́ẹ́jẹ́. Oògùn tó ń ràn án lọ́wọ́, atropine, wà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn. Ti paraquat kò ní ẹ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀kún ẹnu kan lè pa àgbà, ìdí nìyẹn tí rírọ oògùn sínú ìgò ohun mímu fi jẹ́ àṣìṣe tí kò ní àtúnṣe.

Ohun tó kan agbaṣẹ́ nìkan

Ẹni tó ń gbowó fín oko ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ òfin ìwé-ẹ̀rí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn oògùn kan wà tí ẹni tí kò ní in kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ kọ́ ọ láti ṣe àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ọjọ́, aago, ibi, orúkọ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ oògùn, iye tó lò, ìwọ̀n ilẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí, ẹni tó fín in. Ọjọ́ tí aládùúgbò bá sọ pé ewé òun jó, ìwé yẹn nìkan ló máa sọ̀rọ̀. Kó kìlọ̀ fún àwọn alábàágbé àti àwọn olóyin ṣáájú, kó fi àmì sẹ́nu ọ̀nà oko títí wákàtí ìdúró á fi pé. Oògùn kò gbọ́dọ̀ bá èèyàn jókòó nínú ọkọ̀. Kí iyanrìn gbígbẹ, ṣọ́bìrì àti àpò ọ̀rá tó nípọn wà nínú ọkọ̀ náà: bí oògùn bá dà, kó dá a dúró, kó fi iyanrìn sé e mọ́, kó kó o. Kó má fi omi ṣàn án.

Ìdánwò

Ìwé ìbéèrè kò tó. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lébẹ́ẹ̀lì tí kò rí rí, ẹ̀rọ tí ẹ ti mọ̀ọ́mọ̀ tú wọ́ṣà kan rẹ̀, àti omi. Kó wá ibi tó ń jò, kó wọn ohun tó ń tú, kó ṣírò oògùn fún táǹkì kan, kó fín àyè náà, kó ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá fi ẹnu kan nọ́súlù kò yege, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ lọ bá wọn lóko láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹ dúró lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ẹ wo ohun tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ kàn nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀: ọṣẹ ni, àbí fóònù.